Bí Ilé-iṣẹ́ Orin Kékeré Ṣe Ń Gbé Kóńsàtì Kalẹ̀ ní Èkó

Àwa tí a dàgbà nílẹ̀ Yorùbá, ọ̀fẹ́ la ti ń gbọ́ orin lójúkojú látilẹ̀. Ìsọmọlórúkọ, ìsìnkú arúgbó, ilé ṣíṣí, oyè jíjẹ: olórin ń bẹ níbẹ̀, kò sì sí ẹni tó ń gba owó lẹ́nu ọ̀nà. Onínàáwó ló lọ bá olórin dúnàádúrà, òun ló san àsansílẹ̀, òun náà ló pa màlúù. Àwọn àlejò ní tiwọn kàn ń jó, wọ́n ń lẹ owó mọ́ olórin níwájú orí nígbà tó bá ki oríkì wọn. Ètò yìí ló bọ́ sákárà, àpàlà, jùjú àti fújì tí wọ́n fi dàgbà, kò sì tíì yé bọ́ wọn.

Kóńsàtì tí ilé-iṣẹ́ orin kékeré bá gbé kalẹ̀ kò ní onínàáwó. Igba èèyàn tí kò mọra wọn rí ni yóò yọ owó lápò, kálukú á san tirẹ̀, wọ́n á sì dúró kí wọ́n rí ohun tí wọ́n sanwó fún. Kò sí àmàlà tí wọ́n á jẹ gbàgbé bí máìkì bá kú. Ibi tí nǹkan ti máa ń dàrú jù nìyí: àwọn tó ń ṣètò á máa ṣe é bí ẹni ń ṣe ìnáwó, nígbà tó jẹ́ pé ọjà ni wọ́n ń tà.

Ilé-iṣẹ́ orin kékeré tí mò ń wí ni èyí tí kò sí lábẹ́ Universal, Sony tàbí Warner. Ó lè jẹ́ èèyàn mẹ́ta nínú yàrá méjì ní Sùúrùlérè, kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n fi ń gba ohùn sílẹ̀, àti olórin méjì tàbí mẹ́ta tó ti tọwọ́ bọ̀wé. Kì í ṣe àrà tuntun lọ́dọ̀ wa. Ní 1969, Haruna Ishola àti I.K. Dairo dá STAR Records sílẹ̀ kí àwọn olórin fúnra wọn lè ni ilé-iṣẹ́ tó ń gbé àwo wọn jáde. Lẹ́yìn náà la rí Jazzhole ní òpópónà Awólọ́wọ̀, Ìkòyí. Ilé tí wọ́n ti ń ta ìwé àti àwo ni, àmọ́ Kunle Tejuoso tó ni ín tún ti gbé orin jáde. Òun ló kó àwọn àgbà olórin tí ayé ti fẹ́ gbàgbé jọ sábẹ́ orúkọ Faaji Agba, tí Fatai Rolling Dollar, tó kú ní 2013, wà lára wọn, tí wọ́n sì tún padà sórí ìtàgé. Remi Vaughan-Richards ṣe fíìmù nípa wọn.

Ìdí tí irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fi ń wá orí ìtàgé kò ṣòro. Owó tí Spotify ń san nígbà kọ̀ọ̀kan tí ẹnìkan bá gbọ́ orin kò tó sẹ́ǹtì Amẹ́ríkà kan. Olórin tí ẹnikẹ́ni kò sì tíì rí níbi tó ti ń kọrin lójúkojú, ta ni yóò pè é sí òde? Ní alẹ́ kóńsàtì, àwọn tó ń wá olórin fún ìgbéyàwó, fún àjọ̀dún, fún ilé ọtí, á wà láàárín èrò, wọ́n á sì fojú ara wọn rí i. Nítorí náà, bí ilé-iṣẹ́ kò bá tilẹ̀ jèrè ní alẹ́ ọjọ́ náà, tí kò ṣáà jẹ gbèsè, ó ti ṣe dáadáa.

Ibi tí ẹ ó ti ṣe é ló kàn, bó ṣe tóbi tó sì ṣe pàtàkì ju orúkọ rẹ̀ lọ. MUSON ní Oníkan dára fún orin tí èèyàn ń jókòó tẹ́tí sí. Terra Kulture ní gbọ̀ngàn eré ní Victoria Island. New Afrika Shrine, tí Fẹ́mi àti Yẹni Kútì ṣí ní Àgídìǹgbì, Ìkẹjà, ní 2000, wà fún orin tó ń fẹ́ kí èèyàn dìde dúró. Freedom Park ní ìsàlẹ̀ Èkó jẹ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n àwọn òyìnbó amúnisìn kí wọ́n tó sọ ọ́ di ọgbà ìgbafẹ́ ní 2010. Ibẹ̀ ni olórin Adé Bantu àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ kóńsàtì Afropolitan Vibes ní 2013, níbi tí ẹgbẹ́ olórin kan ṣoṣo ti ń lu ìlù fún gbogbo àlejò olórin, ẹmu ọ̀pẹ lọ́wọ́ òǹwòran. Ẹ wo ọgbọ́n tó wà nínú ẹgbẹ́ kan ṣoṣo yẹn: ẹ kò ní máa tú ìlù palẹ̀, kí ẹ tún máa to òmíràn, láàárín olórin kan sí èkejì.

Ẹ mú gbọ̀ngàn tí yóò kún. Igba èèyàn nínú gbọ̀ngàn tó gba 250, ńṣe ni yóò dà bíi pé gbogbo Èkó ló wà níbẹ̀. Igba kan náà nínú gbọ̀ngàn tó gba ẹgbẹ̀rún, àánú olórin á máa ṣe yín, fídíò á sì fi àga òfìfo han gbogbo ayé. Ọ̀nà mẹ́ta ni onígbọ̀ngàn máa ń gbà bá èèyàn ṣe é. Ó lè gba owó ilé rẹ̀ pátá, kó má bìkítà bóyá èèyàn wá tàbí wọn ò wá. Ó lè ní òun á pín owó ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú yín. Ó sì lè fún yín ní ààyè lọ́fẹ̀ẹ́ tàbí ní ẹ̀dínwó, kó gba gbogbo owó ọtí fúnra rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ kékeré, ẹ̀kẹta yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ bẹ̀bẹ̀ fún. Ẹni tó ń ta ọtí fẹ́ èrò lọ́jọ́ tí ibẹ̀ máa ń dá.

Èyí ló gbé wa dé ọ̀rọ̀ ọjọ́, àwọn tó ń bẹ̀rẹ̀ kì í sì í ro ó dáadáa. Ọjọ́ Sátidé ni gbogbo ènìyàn máa ń fẹ́, ọjọ́ yẹn gan-an ni ìnáwó gba gbogbo Èkó: àwọn onílù tó mọṣẹ́ ti lọ sóde, àwọn tó ní sípíkà àti jẹnẹrétọ̀ ti gbé e lọ, èyí tó bá kù ti di ọ̀wọ́n. Alẹ́ Jímọ̀ dára, àmọ́ ẹ má mú Jímọ̀ àkọ́kọ́ nínú oṣù. Ọjọ́ yẹn ni ìsìn Holy Ghost ní àgọ́ ìjọ Redeemed, ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn á sì dí pa. Yàtọ̀ sí ti súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń lu ìlù òyìnbó, tó ń ta gìtá béèsì àti dùùrù fún yín ló ń lù fún ṣọ́ọ̀ṣì kan tàbí òmíràn, ìṣọ́ òru sì ń dúró dè wọ́n. Jímọ̀ kẹta ni Afropolitan Vibes ní tiwọn máa ń lò tẹ́lẹ̀. Ọjọ́bọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú ni mo fara mọ́ jù fún ẹni tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan. Tó bá jẹ́ ìta gbangba, ẹ yẹra fún oṣù kẹfà àti ìkeje nítorí òjò, kí ẹ sì máa wo ìgbà tí ààwẹ̀ Ràmàdáánì bọ́ sí. Oṣù Kejìlá ń ti òkè òkun pe èrò wá sílé lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn ìlú-mọ̀-ọ́n-ká ló gba oṣù yẹn, owó gbọ̀ngàn nígbà náà kì í sì í ṣe ti ilé-iṣẹ́ kékeré.

Ẹ jẹ́ ká wá ṣírò. Àpẹẹrẹ lásán ni iye tí mo fẹ́ dá yìí. Ọjà ló máa sọ tiyín. Ká ní gbọ̀ngàn gba 250 èèyàn, owó rẹ̀ sì jẹ́ ₦400,000. Sípíkà àti iná ìtàgé, ₦350,000. Jẹnẹrétọ̀ àti dísù, ₦150,000. Olórin àti àwọn onílù, ₦450,000. Ìpolówó àti àwọn ayàwòrán, ₦150,000. Ẹ̀ṣọ́ àti ìwé àṣẹ, ₦100,000. Ọkọ̀ àti oúnjẹ àwọn òṣèré, ₦100,000. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦1,700,000. Ẹ fi ìdá mẹ́wàá lé e fún ohun tí ẹ kò rò tẹ́lẹ̀, torí ó dájú pé nǹkan kan á yọjú, ó di ₦1,870,000. Bí tíkẹ́ẹ̀tì bá jẹ́ ₦10,000, èèyàn 187 gbọ́dọ̀ san kí ẹ tó bọ́ lọ́wọ́ gbèsè. Àmọ́ ẹ kò ní 250 àga láti tà. Àwọn oníròyìn, àwọn ẹbí olórin, àwọn tó ń gbé orin sáfẹ́fẹ́ ní rédíò á gba nǹkan bí ogójì lọ́fẹ̀ẹ́. Ó ku 210. Ẹni tó ní láti ta 187 nínú 210 ti ń ta kàlòkàlò.

Nísinsìnyí, ẹ fi owó ọtí ṣe pàṣípààrọ̀ pẹ̀lú onígbọ̀ngàn kí owó ilé kúrò níbẹ̀. Ìnáwó á wálẹ̀ sí ₦1,300,000, pẹ̀lú ìdá mẹ́wàá rẹ̀ ₦1,430,000. Ẹ gbé tíkẹ́ẹ̀tì sí ₦12,000: èèyàn 120 ti tó. Ìyẹn lé díẹ̀ ní ìdajì àga tí ẹ ní láti tà. Ibi tí mo gbà pé ó yẹ kí ètò ilé-iṣẹ́ kékeré máa wà nìyẹn. Bó bá ti kọjá méjì nínú mẹ́ta, ẹ wá gbọ̀ngàn mìíràn tàbí kí ẹ dín olórin kù.

Ohun kan wà tí ẹ kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan nígbà tí ẹ bá ń gé owó: iná àti ohùn. Níbi ìnáwó, bí NEPA bá mú iná lọ, àwọn àlejò á máa jẹun lọ, onígángan á sì máa lù títí jẹnẹrétọ̀ á fi dìde. Ní kóńsàtì, ìṣẹ́jú márùn-ún nínú òkùnkùn ti pọ̀ jù. Ẹ má fi iná ìjọba ṣe iná àkọ́kọ́ rárá. Orí jẹnẹrétọ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí èkejì wà nítòsí, kí ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń yí i padà má sì kúrò níbẹ̀. Nígbà tí ẹ bá ń yá jẹnẹrétọ̀, ẹ rántí pé 20 kVA tó wà lára rẹ̀ kò ju nǹkan bíi kílówáàtì 16 lọ, ẹ má sì lò ó tán. Ìlù ẹsẹ̀ àti béèsì máa ń fa iná lójijì. Ẹ ya wáyà iná ìtàgé sọ́tọ̀ kúrò lára wáyà ohùn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ sípíkà á máa kùn ṣìì ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ń mú iná mọ́lẹ̀ tàbí tí wọ́n ń dín in kù.

Ṣáájú ọjọ́ náà, ẹni tó ń bójú tó sáùǹdì gbọ́dọ̀ ti gba ìwé méjì lọ́wọ́ yín. Ọ̀kan á fi àwòrán hàn ibi tí kálukú máa dúró sí lórí ìtàgé. Èkejì á to gbogbo ohun tí yóò wọ míkísà: ìlù ẹsẹ̀, béèsì, gìtá, dùùrù, gángan, olórin, àwọn elégbè. Bí ìwé yìí kò bá sí, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kóńsàtì ni ẹ máa mọ̀ pé máìkì kò pé.

Ẹ̀yìnsẹ́yìn ni wọ́n ń dán ohùn wò. Olórin tó máa kẹ́yìn lálẹ́ ló ń kọ́kọ́ dán tirẹ̀ wò lọ́sàn-án, ẹni tó máa ṣí ètò ló ń dán tirẹ̀ wò gbẹ̀yìn. Bẹ́ẹ̀ ni nǹkan ẹni tó máa ṣí ètò ṣe máa wà ní títò sílẹ̀ nígbà tí ilẹ̀kùn bá ṣí. Bí ẹ bá fi aago mẹ́ta bẹ̀rẹ̀ ìdánwò, ẹ sọ fún àwọn onílù pé aago kan ni. Ẹ má jẹ́ kí ìtìjú mú yín.

Gángan ló ń fi bí sáùǹdì ṣe dáa tó hàn. Ẹni tó mọ orin òyìnbó nìkan á gbé máìkì kan sí iwájú onílù bí ìgbà tó ń gbé e síwájú akọrin, á ní ó parí. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú méjì, onílù á yí sí ọ̀tún láti ki ẹnìkan, ohùn á lọ. Á tún yí padà, ojú ìlù á wá dojú kọ sípíkà kékeré tó wà lórí ìtàgé, máìkì á bẹ̀rẹ̀ sí í han gooro. Olórí ìṣòro náà ni pé ohùn gángan àti ohùn èèyàn jọ ń gbé ojú kan náà láàárín òkè àti ìsàlẹ̀. Bí ẹ bá ti gbé e sókè kí ó lè sọ̀rọ̀ ketekete, ó bo olórin mọ́lẹ̀. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ ni máìkì kékeré tí a so mọ́ ara ìlù fúnra rẹ̀, nítòsí awọ, kó lè máa bá onílù yí; kí a sì dín ohùn gángan kù díẹ̀ níbi tí ohùn olórin ti lágbára jù, kí a má sì fi ohùn rẹ̀ sínú sípíkà orí ìtàgé tó kọjú sí i. Ẹ fún onígángan ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá tirẹ̀ nìkan nínú ìdánwò. Bí kò bá ti ṣeé gbọ́ ohun tí ìlù ń wí, ariwo lásán ni.

Nípa tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ tà á ṣáájú lórí ẹ̀rọ, irú bíi Tix Africa, kí ẹ sì jẹ́ kó wọ́n sí i lẹ́nu ọ̀nà. Ẹni tó bá ti san owó lọ́jọ́ mẹ́wàá ṣáájú á wá bí òjò tilẹ̀ rọ̀. Ẹ̀yin náà á sì mọ ibi tí ọ̀rọ̀ wà: bó bá ku ọ̀sẹ̀ kan tí ìdá kan nínú mẹ́ta kò tíì tà, ẹ ṣì lè bá onísípíkà sọ̀rọ̀. Èrè mìíràn ni pé orúkọ àti nọ́ńbà fóònù àwọn tó rà á á wà lọ́wọ́ yín fún ìgbà mìíràn. Ilé ìnáwó kì í lé mo-gbọ́-mo-yà, ó tilẹ̀ ń buyì kún onínàáwó ni. Lẹ́nu ọ̀nà kóńsàtì, mo-gbọ́-mo-yà kọ̀ọ̀kan jẹ́ ₦12,000 tó bọ́ lọ. Ẹ má fi ọ̀rẹ́ olórin ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Ẹni tí kò mọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀ ló yẹ, kó ní ìwé tí wọ́n kọ orúkọ ọ̀fẹ́ sí, kó má sì fi orúkọ kankan kún un láìjẹ́ pé ẹnìkan ṣoṣo tí ẹ yàn fọwọ́ sí i. Ẹ kọ aago tí olórin gan-an máa gun ìtàgé sára ìwé ìpolówó, kí ẹ sì ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ra tíkẹ́ẹ̀tì kò wá jẹun de olórin.

Ọ̀rọ̀ ìjọba kò gùn, àmọ́ ẹ má fò ó. Àjọ Lagos State Safety Commission ló ń yẹ ètò ààbò ìpéjọ wò. LASAA ló ni ọ̀rọ̀ pátákó àti pósítà ìta, wọn kì í sì í fẹ́ rí pósítà lára òpó afárá. LASEPA ló ń wá bí ariwo bá di ìyọnu fún àwọn ará àdúgbò. Gbọ̀ngàn tí kò ní ògiri tó nípọn láàárín ilé àwọn èèyàn, ẹ tètè parí. Owó ti àwọn ọmọ àdúgbò ni wọn kì í kọ sínú ìwé kankan. Onígbọ̀ngàn mọ olórí wọn. Ẹ jẹ́ kí òun bá wọn sọ ọ́ kí ọjọ́ tó pé, nítorí owó tí wọ́n máa gbà lọ́wọ́ yín lálẹ́ ọjọ́ náà níwájú èrò á ju èyí tí ẹ bá fẹnu kò sí tẹ́lẹ̀ lọ.

Bí olórin yín bá máa kọ orin ẹlòmíràn, ẹni tó kọ orin náà ní ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀ bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnu olórin yín ló ti jáde. Ẹgbẹ́ MCSN, tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní 2017, ló ń gba irú owó bẹ́ẹ̀ fún àwọn tó ni orin. Ẹ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ wọn, kí ẹ sì fi orúkọ àwọn orin tí ẹ kọ lálẹ́ ọjọ́ náà ránṣẹ́, kí owó lè dé ọ̀dọ̀ ẹni tó tọ́ sí.

Àárín yín àti olórin yín náà ńkọ́? Kí ìwé wà lórí kóńsàtì yìí fúnra rẹ̀. Ìwé tí ẹ jọ tọwọ́ bọ̀ nítorí àwo kò fún yín ní ìpín nínú owó orí ìtàgé àyàfi tó bá sọ bẹ́ẹ̀. Aáwọ̀ King Sunny Adé àti ilé-iṣẹ́ orin African Songs ti Olóyè Abíọ́rọ̀ lórí ìwé àdéhùn lẹ́yìn 1970 dé ilé-ẹjọ́, lẹ́yìn rẹ̀ ni Sunny Adé dá ilé-iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ta ló ni fídíò, ta ló ni ohùn tí a gbà sílẹ̀, iye ìdá tí kálukú máa mú. Bí owó bá sì wà tí èrò lẹ̀ mọ́ olórin lórí ìtàgé, ti olórin àti àwọn onílù rẹ̀ ni. Ilé-iṣẹ́ tó bá nawọ́ sí i, àwọn onílù kò ní gbàgbé.

Ẹ má jẹ́ kí alẹ́ náà lọ láìgbà á sílẹ̀. Míkísà X32 tí ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ní Èkó ń lò lè gba ohùn 32 sílẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ sínú kọ̀ǹpútà pẹ̀lú wáyà USB kan ṣoṣo. Ẹ tún gbé máìkì méjì dojú kọ èrò, kí àtẹ́wọ́ àti ègbè wọn lè wà níbẹ̀. Fẹ́mi Kútì gbé àwo Africa Shrine jáde ní 2004 láti inú ohun tó ṣe ní Shrine. Orin mẹ́rin tó dáa láti inú alẹ́ kan lè jẹ́ ọjà oṣù mẹ́fà fún ilé-iṣẹ́ kékeré.

Lálẹ́ ọjọ́ náà gan-an, kí wọ́n tó tú wáyà, ẹ jókòó ti owó. Ẹ ka tíkẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú onígbọ̀ngàn, kí ẹ jọ fọwọ́ sí i. Àwọn onílù ni kí ẹ kọ́kọ́ san fún, lẹ́yìn náà àwọn onísáùǹdì àti ẹ̀ṣọ́, lẹ́yìn wọn olórin, ilé-iṣẹ́ ló kẹ́yìn. Bí kò bá sí nǹkan tó kù fún ilé-iṣẹ́, gbèsè ilé-iṣẹ́ nìyẹn. Onígángan kò lọ́wọ́ sí i.